Nọ́ńbà 4 Ni Mo Yọ

Ọjọ́ kejì Kérésì ọdún 2017, ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan lápá Ọjọ́ọ̀ n'Ìbàdàn, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé ife lé ẹgbẹ́ tí a ti ń nà bọ̀ láti ìdajì àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Réfírì ò rẹ́ wa jẹ. Òjò ò rọ̀. Bọ́ọ̀lù ò ṣèèṣì gba òpó jáde. Èmi kóòṣì ni mo yọ ẹni tí kò yẹ kí n yọ, lásìkò tí kò yẹ kí n yọ ọ́, nítorí ìdí kan tójú ń tì mí láti sọ. Mo máa sọ ọ́ ṣá, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kóòṣì àdúgbò bíi tèmi pọ̀ tí wọ́n ń ṣe irú ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n á wá délé tán, tí wọ́n á máa bú ọmọ ọlọ́mọ.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe jẹun. Kóòṣì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló rìnrìn àjò lọ́dún 2015, ni àwọn ọmọ bá ní kí n máa mójú tó àwọn títí á fi dé. Kò dé. Ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ kóòṣì ò ju ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ, níbi tí gbogbo wa ti gbọ́n ju ẹni tó dúró létí pápá lọ. "Yọ ọ́! Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú! Kí ló tún ń dúró dè?" Ohun tó wà lórí mi nípa pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù ni àṣekágbá Champions League ní pápá Camp Nou lọ́dún 1999: Bayern ti fi góólù kan ṣíwájú Manchester United láti ìṣẹ́jú 6, Alex Ferguson, kóòṣì United, mú Sheringham wọlé, ó tún mú Solskjaer wọlé, àwọn méjèèjì sì gbá góólù kọ̀ọ̀kan sáwọ̀n nígbà tí aago ti kọjá 90. Mo tún rí Götze ní Maracanã lọ́dún 2014, tó rọ́pò Klose nígbà tó ku díẹ̀ kí 90 pé, tó sì wá gbá góólù tó fún Jámánì ní ife àgbáyé ní ìṣẹ́jú 113. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti bẹ́ǹṣì dìde, idán ló fẹ́ lọ pa.

Ohun tí mi ò rí ni pé lálẹ́ ọjọ́ Camp Nou yẹn, Bayern náà pààrọ̀ èèyàn. Wọ́n yọ Lothar Matthäus, ẹni tó ń darí ẹ̀yìn wọn, ní ìṣẹ́jú 80. Góólù méjèèjì tí wọ́n jẹ, láti kọ́nà ló ti wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ ìtàn eré yẹn láìdárúkọ Matthäus.

Ká padà sí Ọjọ́ọ̀. Ìṣẹ́jú 35 la ń gbá ní ìdajì kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ṣètò ìdíje sì gbà kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pààrọ̀ èèyàn 5. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Kò sí koríko lórí pápá, eruku pupa ló ń bò àwọn ọmọ dé orúnkún. Nọ́ńbà 4 wa, ọmọ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ táyà lílẹ̀ létí títì, ló ń mú nọ́ńbà 9 wọn. Nọ́ńbà 9 yẹn ga, ó sì mọ orí í lò dáadáa. Ọmọ wa fi ara tì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìyẹn bá fò, òun náà á fò. Bí ìyẹn bá lọ mu omi, ó kù díẹ̀ kó tẹ̀ lé e lọ. A gbá góólù kan sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 19, a sì lọ sinmi pẹ̀lú 1–0.

Ọkùnrin tó ra jẹ́sì tí a wọ̀ lọ́jọ́ náà wà lórí pápá. Nígbà tí eré tó ìṣẹ́jú 44, ó rọra wá dúró tì mí. Kò pariwo, kò halẹ̀. Ó kàn ní, "Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má gbàgbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn o. Ìyá ẹ̀ wà níbí." Mo wẹ̀yìn. Ìyá ọmọ náà wà lórí àga oníke lóòótọ́, ó wọ aṣọ Kérésì, ó ti gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò.

Ẹ̀yìn ni ọmọ yẹn ń gbá. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí tí màá fi yọ ẹnì kan lẹ́yìn. Mo ní ó ti rẹ nọ́ńbà 4, nítorí mo rí i tó ń fọwọ́ nu ojú. Eruku ló ń nù. Mo tún sọ fún ara mi pé a ṣáà ti ń ṣíwájú, ó yẹ kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà fẹnu kan ife yìí. Ẹ wò ó, tí ẹ bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ara yín nígbà tó ku ìṣẹ́jú 25, ẹ fọwọ́ méjèèjì sápò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà, ọmọ ọdún 16 ni. Ó ti jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà, ara ẹ̀ ti tutù. Mo ní, "Dìde, o ń wọlé." Ó ṣì ń so okùn bàtà kejì lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù jáde, réfírì na ọwọ́ sí ìgun: kọ́nà ni, tiwọn ni. Ẹni tó bá ní làákàyè á ní kí wọ́n gbá kọ́nà náà tán ná. Èmi ń ju ọwọ́ sí réfírì pé mo fẹ́ pààrọ̀. Mo tún wá yọ ọmọ tó ń gbá apá òsì iwájú mọ́ ọn, kó má baà jọ pé torí ẹnì kan ṣoṣo ni mo ṣe dìde.

Nọ́ńbà 4 rò pé ẹlòmíì ni mò ń pè. Ó fi ìka tọ́ka sí àyà ara ẹ̀: "Èmi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò wò mí. Ọmọ yẹn sáré wọlé, ó lọ dúró nítòsí òpó, níbi tó ti rí àyè. Ó wẹ̀yìn wò mí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ nìkan ni mo ní fún un. Bọ́ọ̀lù fò wá láti ìgun, nọ́ńbà 9 wọn dá dúró láàárín bí ẹni tó ń retí ọkọ̀, ó fi orí kàn án. 1–1.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló ṣì ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, ó dùn mí ju ife lọ. Mo kígbe mọ́ ọmọ náà lójú èrò: "Ṣé o fọ́jú ni? O ò rí i ni?" Ìyá ẹ̀ gbọ́. Mo rí i bó ṣe sọ fóònù kalẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú 50, orí mi ti dàrú, mo pààrọ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yọ iwájú méjèèjì, mo yọ kápútẹ́nì tó wà láàárín, nítorí mo fẹ́ kí àwọn tó yára wọlé. Wọ́n yára lóòótọ́. Àmọ́ láti ìgbà tí kápútẹ́nì ti jáde ni ariwo ti tán lórí pápá wa. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "Ẹ̀yìn ẹ!", kò sẹ́ni tó ń sọ pé "Dúró!". Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ariwo ọmọ yẹn jẹ́ iṣẹ́. Mo máa ń rò pé ó kàn lẹ́nu ni. Wọ́n gba àárín wa kọjá ní ìṣẹ́jú 58, 2–1.

Nígbà tó di ìṣẹ́jú 63, asọ́lé wa kọlu ẹnì kan, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ wú lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ ilé ṣọ́ wà lórí bẹ́ǹṣì, ìbọ̀wọ́ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ pàápàá. Mo kọjú sí réfírì, ó na ìka márùn-ún sókè: ẹ ti tán an. Nọ́ńbà 2 wa ló wọ ìbọ̀wọ́. Góólù kẹta tí wọ́n gbá wọlé, bọ́ọ̀lù tó ń yí nílẹ̀ ni, ọmọdé lè fẹsẹ̀ dá a dúró. Ó gba àárín ọwọ́ ẹ̀ kọjá.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé mo ti wo irú ẹ̀ rí, mo tiẹ̀ sanwó wò ó. Ní Brazil lọ́dún 2014, Louis van Gaal fi ìpààrọ̀ kan pamọ́ títí eré Netherlands àti Costa Rica fi fẹ́ tán pátápátá, ó wá yọ Cillessen, ó fi Tim Krul ṣọ́ ilé fún pẹ́náritì nìkan. Krul mú méjì. Gbogbo ilé ìwòran dìde. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n pàdé Argentina, eré tún di pẹ́náritì, àmọ́ ìpààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tán lọ́wọ́ van Gaal. Cillessen ló dúró, kò mú kankan, wọn ò sì dé àṣekágbá. Títí dòní, ọ̀rọ̀ Krul làwọn èèyàn ń sọ. Èmi náà, ọ̀rọ̀ Krul ni mo rántí.

Nínú mọ́tò tó gbé wa padà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, nọ́ńbà 4 dúró de kí àwọn yòókù lọ. Ó ní, "Kóòṣì, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Mo parọ́ fún un. Mo ní mo rí i pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ wo?"

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé Shooting Stars láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ IICC, tí ojú wọn rí ọdún 1976 tí ẹgbẹ́ náà gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ kí wọn kú ọdún. Mo ń ṣàlàyé bí ọmọ yẹn ṣe ba ti wa jẹ́, wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá bi mí pé, "Nígbà tí nọ́ńbà 4 ẹ jáde, ta lo gbé nọ́ńbà 9 wọn fún?"

Mo ní ọmọ tó wọlé ni.

"O sọ fún un?"

Mo dákẹ́.

Wọ́n ní, "Èèyàn lo pààrọ̀. Iṣẹ́ wà nílẹ̀."

Wọ́n wá ṣe ìtàn Mẹ́síkò 1970 fún mi, ife àgbáyé àkọ́kọ́ tí wọ́n ti gbà kí ẹgbẹ́ pààrọ̀ èèyàn, méjì péré. Gẹ̀ẹ́sì ti fi góólù méjì ṣíwájú Jámánì ní ìlú León. Beckenbauer dá ọ̀kan padà. Alf Ramsey yọ Bobby Charlton, ó tún yọ Martin Peters, ó ń tọ́jú wọn de eré tó kàn. Jámánì dá èkejì padà, wọ́n gbá ẹ̀kẹta nígbà tí wọ́n fi àkókò kún un. Eré tó kàn tí wọ́n ń tọ́jú Charlton dè kò wáyé fún wọn mọ́. Mo jiyàn pé góólù Beckenbauer ti wọlé kí Charlton tó jáde. Bàbá gbà, wọ́n ní òótọ́ ni, ẹni tó bá sọ pé Charlton nìkan ló fà á, ó ń bú Ramsey jù. "Àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, Beckenbauer ń wo ibi tí Charlton wà kó tó gbéra. Ìgbà tí Charlton jáde, kí ló tún fẹ́ máa wò?" Èyí ni mi ò rò rí: pé ẹni tó wà lórí pápá ń ṣiṣẹ́ méjì, èyí tó ń ṣe fún wa, àti èyí tí kò jẹ́ kí àwọn tọ̀hún ṣe.

Mo ra ìwé kékeré kan. Nínú ẹ̀ ni mo ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ, mo sì ń kọ iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mi ò kọ "ẹ̀yìn" tàbí "àárín", iṣẹ́ gan-an ni mò ń kọ: ta ló ń mú ta ní kọ́nà, ta ló ń dúró sí òpó, ta ló ń pariwo, ta ló ń ju bọ́ọ̀lù wọlé, ta ló ń gbá pẹ́náritì. Mi ò mọ̀ pé ọmọ kan ń ṣiṣẹ́ mẹ́rin àfìgbà tí mo kọ ọ́. Kí n tó yọ ẹnì kan báyìí, gbogbo iṣẹ́ tó wà níwájú orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ní ẹni tó gbà á. Tí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù tí mi ò rí ẹni gbé e fún, kò ní jáde, kódà kí ọba wá bẹ̀bẹ̀.

Òfin kan tún wà tí mo fi lélẹ̀: ẹni tó ń jáde kò gbọdọ̀ kàn bọ ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́ kó kọjá. Ó gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà. "9, ó ń fi apá ọ̀tún sáré." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó di 2019, wọ́n yí òfin bọ́ọ̀lù padà, pé ibi tó bá sún mọ́ agbábọ́ọ̀lù jù létí pápá ni kó gbà jáde, kí wọ́n má baà máa fi ìrìn jẹ àkókò. Ìyẹn dí wa lọ́wọ́ díẹ̀, torí àwọn méjèèjì lè má pàdé mọ́. A wá ní kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì máa ṣọ́ ẹni tí wọ́n máa rọ́pò láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Tí mo bá bi ọ̀kan léèrè pé ta ni ẹni ẹ ń mú, tí kò sì mọ̀ ọ́n, kò ní wọlé. Ó yà mí lẹ́nu bí ìjà orí bẹ́ǹṣì ṣe dínkù. Kò sẹ́ni tó ráyè máa bínú mọ́, gbogbo wọn ń wo eré. Tí ìdajì kejì bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń sáré gbóná ara lẹ́yìn ilé, ẹni méjì méjì, bóyá mo máa lò wọ́n tàbí mi ò ní lò wọ́n. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó dìde, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó bá lò lórí pápá, àjòjì ni.

Ẹ má rò pé mo gbọ́n tán nígbà yẹn. Lọ́dún 2018, mo ṣubú sí apá kejì. Ẹ̀rù ti bà mí débi pé mi ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni mọ́. Eré tó ṣáájú àṣekágbá ni, wọ́n fi góólù kan ṣíwájú wa láti ìṣẹ́jú 30, mo jókòó ti ìwé mi bí aláàfáà, mò ń wo iṣẹ́ tó wà níwájú orúkọ. Ìṣẹ́jú 65 ni mo tó mú ọmọ tó yára jù lórí bẹ́ǹṣì wọlé. Bọ́ọ̀lù kàn án lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí réfírì tó fun fèrè. Nígbà ẹ̀kẹta, ẹni tó ń mú un ò tiẹ̀ lè sáré tẹ̀ lé e mọ́, ẹsẹ̀ ìyẹn ti kú. Mo wá rí i pé ẹsẹ̀ ẹni yẹn ti lè máa kú láti ìṣẹ́jú 45, èmi ni mi ò fi ẹni tí á fìyà jẹ ẹ́ síbẹ̀.

Ọmọ àdúgbò kan tó ń lọ sí yunifásítì ló fi iṣẹ́ Bret Myers hàn mí lórí fóònù. Olùkọ́ ni ní yunifásítì Villanova ní Amẹ́ríkà. Ó ka àwọn ìpààrọ̀ inú àwọn ìdíje ńlá, ó sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 2012 pé ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ń nà, kó ṣe ìpààrọ̀ àkọ́kọ́ kó tó di ìṣẹ́jú 58, èkejì kó tó di 73, ẹ̀kẹta kó tó di 79. Ó ní tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣíwájú, tàbí tí ẹ dọ́gba, àkókò ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. A jókòó, a ṣírò ẹ̀ sí ìṣẹ́jú 70 tiwa: 45, 57, 61. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé. Mo ń lò ó, àmọ́ mi ò sọ ọ́ di ìwé mímọ́. Àwọn ẹgbẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni yẹn kà, ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n gbá bí ẹni tó wà lórí pápá. Lọ́dọ̀ tiwa, nígbà míì ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀ nítorí pé òun ló ní bọ́ọ̀lù. Ohun tí 45 yẹn ń ṣe fún mi ni pé ó ń jí mi. Tí aago bá lù ú tí wọ́n sì ń nà wá, mo gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tó ń jáde àti ìdí ẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ ẹni tó ti rẹ̀ náà, mo kọ́ ọ pẹ̀lú ìyà. Kí èèyàn tẹ̀ ba, kó fọwọ́ lé orúnkún, ìyẹn kì í ṣe àmì, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Èmi ń wo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sí ẹlòmíì tán, tó wá dúró tó ń wo ibi tó ń lọ. Ẹni tára ẹ̀ ṣì le á ti máa gbéra. Mo tún ń wo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa èèyàn ní jẹ́sì, pàápàá tó bá ti gba káàdì ìyẹ́lò. Ẹ má bi ọmọ kankan léèrè pé ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́. Rárá ló máa sọ. Ẹni tó ń gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi.

Kẹ́ ẹ sì bá ẹni tó ń wọlé sọ̀rọ̀ kí inú ẹ̀ rọlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí Nàìjíríà àti Italy pàdé ní Amẹ́ríkà, oṣù keje ọdún 1994. Amuneke ti gbá tiwa wọlé. Wọ́n mú Zola wọlé fún Italy ní ìdajì kejì, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí réfírì fi fún un ní káàdì pupa. Ìpààrọ̀ kan sọ wọ́n di ẹni mẹ́wàá. A jó nínú yàrá. Ẹ mọ ohun tí Baggio ṣe fún wa nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí 90 pé. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyẹn jù.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ni wọ́n ti gbà kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá náà máa pààrọ̀ èèyàn 5, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin tó dúró lọ́dún 2022. Wọ́n ní ìgbà mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ lè dá eré dúró fún un, yàtọ̀ sí àkókò ìsinmi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n jẹ́ kóòṣì ń yọ̀ pé èèyàn ti pọ̀ lọ́wọ́. Mo ti ní márùn-ún lọ́wọ́ rí, mo sì ti mọ bó ṣe ń tán. Nínú ìwé mi, ìkarùn-ún kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni àyàfi asọ́lé, títí á fi ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọkùnrin tó ra jẹ́sì kò ra òmíì fún wa mọ́. Mo sọ fún un pé ọmọ tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ ló máa wọlé, ó ní kò burú. A fi jẹ́sì àtijọ́ gbá fún ọdún méjì, nọ́ńbà ti ń ṣí lẹ́yìn ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kò wá sí pápá mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kò sí nílé. Nígbà kejì, ìyá ẹ̀ fún mi lómi, ó kí mi dáadáa, kò pe ọmọ.

Ọdún 2022 ni mo tó rí i, ní gáréèjì Ìwó Road, ó ti ga jù mí lọ. Iṣẹ́ táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé ló ń ṣe, Èkó ló ń lọ, báàgì irin iṣẹ́ ẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ń lẹ́ o, Kóòṣì." A sọ̀rọ̀ Èkó, a sọ̀rọ̀ owó sìmẹ́ǹtì. Mo bi í bóyá ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ní rárá, òun kì í wò ó pàápàá. Dírẹ́bà ti ń pe "Ó ku ẹnì kan!" nígbà tó gbé báàgì ẹ̀. Ó wá dúró.

"Kóòṣì, nọ́ńbà 9 ọjọ́ náà. Ta ló yẹ kó mú un?"

Mo ní, "Ìwọ ni. Èmi ni mi ò sọ fún ẹ."

Ó mi orí. Ó ní, "Mo fẹ́ bi yín, ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́." Ó wọnú ọkọ̀.